Dígí Àtijọ́ Inú Pálọ̀: Ẹ Wo Ẹ̀yìn Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kàn Án

Lẹ́tà kan tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Apọ́ngbọ̀n ni mo fẹ́ fi gbogbo ojú ewé yìí dáhùn lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò kan ẹni tó kọ ọ́ nìkan. Mama ní dígí ńlá kan wà ní pálọ̀ àwọn, lókè kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣàn, bàbá tó bí bàbá ọkọ wọn ló fi sílẹ̀. Férémù igi tó yí i ká ní ọnà lára, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ wúrà. Ṣùgbọ́n ojú dígí náà ti bàjẹ́, àbàwọ́n ti gbà á kiri, ẹni tó bá wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀ yóò rò pé làpálàpá ló bo òun lójú. Àkọ́bí wọn wá ní kí àwọn pe ọkùnrin kan tó ń gé dígí, kó bá àwọn ha ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, kó sì ṣe é ní tuntun. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé níbẹ̀ náà ni yóò ti ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ìyàwó àkọ́bí yìí wà nínú oyún oṣù márùn-ún, ilé kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbé. Aládùúgbò kan ló wá sọ pé kí aboyún má ṣe sún mọ́ dígí àtijọ́, pé ojú gbogbo òkú tó ti wo ara wọn nínú rẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. Mama ní ṣé òótọ́ ni, àbí àhesọ lásán?

Mama, kò sí ojú òkú kankan nínú dígí. Ṣùgbọ́n aboyún yẹn kò gbọdọ̀ wà nílé lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ń ha ẹ̀yìn dígí yẹn, ká má tilẹ̀ ha á rárá ló dára jù. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí irú dígí bẹ́ẹ̀ ti wá. Òyìnbó ló ṣe é, kì í sì í ṣe torí pálọ̀ Èkó ni wọ́n ṣe ṣe é. Nílẹ̀ wọn tí òtútù ti pọ̀, ààrò kan máa ń wà nínú ògiri pálọ̀ tí wọ́n ń dáná sí láti fi yáná. Lókè ààrò náà ni wọ́n máa ń mọ pẹpẹ kan jáde lára ògiri, orí pẹpẹ yẹn ni wọ́n ń gbé dígí lé, kí ìmọ́lẹ̀ iná àti ti àbẹ́là lè tàn padà sínú yàrá. Èkó kò nílò ààrò ìyáná, ooru tiwa ti tó wa. Ṣùgbọ́n àwọn Sàró tó tẹ̀dó sí Olówógbowó, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé tí wọ́n wà ní Pópó Àgùdà, àtàwọn oníṣòwò wa tó ń bá òyìnbó dòwò pọ̀ ní Marina, wọ́n fẹ́ kí pálọ̀ tiwọn náà dà bíi ti ìlú òyìnbó. Bí dígí ṣe bá ọkọ̀ ojú omi wọlé nìyẹn, pẹ̀lú dùùrù, àga onítìmùtìmù àti aago ara ògiri. Apọ́ngbọ̀n fúnra rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fún òyìnbó kan ló ń jẹ́. William McCoskry ni, ẹni tó ṣe adelé gómìnà Èkó ní 1861. Irùngbọ̀n rẹ̀ pupa débi pé àwọn èèyàn ń pè é ní A-pọ́n-ní-àgbọ̀n. Ẹ fi ọdún 1861 yẹn sọ́kàn, mo ṣì máa padà sí i.

Ẹ má sì rò pé ilé àwọn ọlọ́lá àtijọ́ nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Dígí àtijọ́ máa ń bá ẹrù tòkunbọ̀ wọlé títí di òní, pàápàá pẹ̀lú àga àti tábìlì tí àwọn èèyàn wa ń kó ránṣẹ́ láti London. Àwọn ilé àtijọ́ Èkó náà sì ń dínkù. A ṣáà rántí Ilojo Bar ní Tinúbu, tí wọ́n wó lulẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti kà á sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè yìí láti 1956. Bí wọ́n bá wó irú ilé bẹ́ẹ̀, tàbí tí àwọn ọmọ bàbá bá pín ẹrù, ohun tó bá ṣeé tà lára rẹ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ra àlòkù. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìyàwó ilé mìíràn yóò ti rà á lọ sí Súrùlérè tàbí Ìkòròdú, láìmọ ohun tó gbé.

Ohun tó gbé nìyí. Oríṣi dígí àtijọ́ méjì ló wà. Èyí tó pẹ́ jù nínú méjèèjì, tánganran àti mẹ́kúrì ni wọ́n pò pọ̀ tí wọ́n fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Mẹ́kúrì yìí ni nǹkan olómi tó ń dán bíi fàdákà, tó ń sáré bí ìlẹ̀kẹ̀, tó wà nínú tẹ̀mómítà àtijọ́ tí àwa nọ́ọ̀sì máa ń gbọ̀n pẹ́pẹ́ kí a tó fi sí aláìsàn lábíyá. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí wọ́n fi ṣe dígí lọ́nà yìí nílẹ̀ òyìnbó. Ní 1835, Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, rí ọgbọ́n tí wọ́n fi lè lo fàdákà gan-an láti bo ẹ̀yìn dígí. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1900, dígí onífàdákà ti gba ọjà mọ́ tonímẹ́kúrì lọ́wọ́. Èyí tó túmọ̀ sí pé bí dígí yín bá jẹ́ èyí tí bàbá rà ní 1930 tàbí 1950, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ onífàdákà, ọkàn yín sì lè balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wà ṣáájú kí bàbá tó dáyé, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa.

Bí ẹ ṣe máa wò ó kò le. Ẹ mú bébà funfun kan, ẹ fi etí rẹ̀ kan ojú dígí, kí ẹ wá wo àwọ̀ bébà náà nínú dígí. Bó bá fẹ́ pọ́n díẹ̀ bíi wàrà, fàdákà ló ṣeé ṣe kó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ṣú, tó ní àwọ̀ eérú tàbí búlúù díẹ̀ nínú, ẹ fura sí mẹ́kúrì. Ẹ wo àbàwọ́n rẹ̀ náà: ti fàdákà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti etí, àwọ̀ rẹ̀ a sì pọ́n tàbí kó dúdú bí ìpẹtà. Ọ̀rinrin Ọ̀sà àti iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ Èkó ń ràn án lọ́wọ́. Ti mẹ́kúrì a máa ṣẹ́ wínníwínní bí iyọ̀ tí wọ́n dà sílẹ̀, bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹn wo àlàfo tó wà láàárín dígí àti ògiri. Bí ẹ bá rí ọ̀dà pupa, eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi kun ẹ̀yìn gíláàsì, onífàdákà ni púpọ̀ irú wọn. Bó bá jẹ́ irin eléérú lásán tí kò ní ọ̀dà, tàbí tí ẹ rí nǹkan bí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tó ń dán nísàlẹ̀ férémù, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Mẹ́kúrì ló ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má ṣe tú pákó ẹ̀yìn rẹ̀ torí kí ẹ lè ríran. Bí kò bá sì dá yín lójú lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ kà á sí onímẹ́kúrì.

Ní 1861 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, ọdún tí Apọ́ngbọ̀n ń ṣe adelé gómìnà níbí, dókítà kan tó ń jẹ́ Adolf Kussmaul gbé ìwé jáde nílẹ̀ Jámánì lórí àìsàn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi mẹ́kúrì ṣe dígí. Ìlú Fürth ni iṣẹ́ yẹn ti gbilẹ̀. Ohun tó rí lára wọn náà ni ìwé tí àwa kà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ṣì ń sọ: ọwọ́ tó ń gbọ̀n tí kò lè mú ife dúró, èrìgì tó wú, eyín tó ń mì, itọ́ tó ń dà, oorun tí kò wá, ìtìjú àti ìbínú òjijì lára ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbàgbé. Mẹ́kúrì tún máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ ò rí i pé ní ilé tiwa, bí ìyá arúgbó kan bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ tó sì ń bínú, ayé ni wọ́n máa sọ pé ó ń bá a jà.

Ọ̀nà tó ń gbà wọ ara ló ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Bí ọmọ bá fi eyín fọ́ tẹ̀mómítà tó sì gbé mẹ́kúrì inú rẹ̀ mì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò bá ìgbẹ́ jáde (ìfọ́ gíláàsì ló máa ń kó ìdààmú bá wa jù nígbà náà). Ṣùgbọ́n mẹ́kúrì tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ láìsí òórùn, láìsí èéfín. Èyí tí a bá fà símú nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló ń gba ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Láti inú ẹ̀jẹ̀ ó ń dé ọpọlọ. Nínú aboyún, ó ń gba inú ibi ọmọ kọjá dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Ìdí tí mo fi ní kí ìyàwó yẹn kúrò nílé nìyẹn. Ọmọ tó ń rákò náà, ìtòsí ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ yìí ti pọ̀ jù ló ń mí sí.

Kí n má dẹ́rù bà yín jù ṣá o. Dígí onímẹ́kúrì tó wà lára ògiri, tí kò fọ́, tí wọn kì í fọwọ́ kàn, ní pálọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ohun tó ń jáde lára rẹ̀ kéré gan-an. Ẹ má torí ohun tí ẹ kà yìí gbé dígí bàbá jù sí ààtàn lálẹ́ yìí, ẹ ó kàn gbé ewu náà fún ọmọ ẹlòmíràn ni. Ohun mẹ́ta ló ń sọ ọ́ di ìjàngbọ̀n: kí a ha á, kí a mú un gbóná, kí a fọ́ ọ. Wúrúwúrú àti eruku rẹ̀ ni yóò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí oní-dígí bá fi ọ̀bẹ tàbí ásíìdì ha á. Oní-dígí fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀dọ̀fóró san án, lẹ́yìn náà ni ẹ̀yin onílé. Ní ti ooru, a kò ní ààrò ìyáná, ṣùgbọ́n mo mọ ilé tí wọ́n ń gbé sítóòfù sí abẹ́ dígí, mo sì mọ èyí tí wọ́n ń to àbẹ́là síwájú rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná, kí pálọ̀ lè mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ gbé wọn kúrò níbẹ̀. Yàrá tí wọ́n ń tì pa mọ́jú nítorí ẹ̀rọ amúlétutù kò tún yẹ fún irú dígí bẹ́ẹ̀, pálọ̀ ni kó wà.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Mama, ọmọ yín tó fẹ́ tún un ṣe rò pé òun ń fi kún iye rẹ̀ ni. Àwọn tó ń ra ohun àtijọ́, àbàwọ́n yẹn gan-an ni wọ́n ń wá, òun ni ẹ̀rí pé dígí náà kì í ṣe ayédèrú. Ẹ bá a tún ẹ̀yìn ṣe tán, férémù nìkan lẹ ní láti tà. Bí ẹ bá nílò ibi tí ẹ ó ti máa wo gèlè, ẹ ra dígí tuntun sí yàrá, kí ẹ jẹ́ kí ti bàbá máa sinmi.

Kó máa sinmi, ṣùgbọ́n kó má já bọ́ o. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí pé iye ọmọ tí mo ti rí tí nǹkan wúwo já lù nínú pálọ̀ ju iye tí mo rí tí mẹ́kúrì mú lọ. Gíláàsì tó nípọn tó mílímítà 6, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan ààbọ̀ dín díẹ̀, yóò wọn tó kílò 20 láìtíì ka igi tó yí i ká. Bí ẹ bá fi férémù kún un, ó lè ju ìdajì àpò ìrẹsì lọ. Ní ilé òyìnbó, pẹpẹ orí ààrò ló ń gbé ẹrù yìí, iṣẹ́ ògiri kò ju kó má jẹ́ kó dojú bolẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ tiwa tí kò sí pẹpẹ, a so gbogbo rẹ̀ kọ́ sórí ìṣó kan. Ìṣó yẹn wá wà nínú ògiri bíríkì alámọ̀ tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, tí òjò ti ń wọ̀, tí ọkọ̀ akérò àti tírélà ń mì lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe ń gun Afárá Èkó tàbí tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sí Apọ́ngbọ̀n. Okùn tàbí wáyà tó gbé e kọ́, ta ló rántí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn?

Ẹ pe káfíńtà, kì í ṣe oní-dígí. Kó kan pẹpẹ igi líle tó lágbára sí ògiri, tàbí kó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù tó dúró dáadáa tí ìsàlẹ̀ férémù yóò jókòó lé. Kó wá fi ìkọ́ méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, di òkè rẹ̀ mú mọ́ ògiri pẹ̀lú ṣéènì. Bó bá di pé kí wọ́n gbé e, èèyàn méjì ni kó gbé e, lóòró bó ṣe wà. Wọn kò gbọdọ̀ dorí rẹ̀ kodò, wọn kò gbọdọ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀, torí mẹ́kúrì tó ti sọ̀ sísàlẹ̀ yóò ṣàn jáde. Kí wọ́n bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà wúrà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: mẹ́kúrì máa ń lẹ̀ mọ́ wúrà, ó sì máa ń sọ ọ́ di funfun. Ẹ má ṣe tẹ́ ibùsùn ọmọ sábẹ́ rẹ̀, kódà bí ìkọ́ rẹ̀ bá tó mẹ́wàá.

Bó bá wá fọ́ ńkọ́? Kí àwọn ọmọdé, aboyún, ajá àti ológbò kọ́kọ́ jáde. Ẹ ti ilẹ̀kùn tó wọ yàrá yòókù, ẹ ṣí fèrèsé tó kọjú síta, ẹ pa fáànù. Ẹ má fi ọwọ̀ gbá a. Ìgbálẹ̀ máa ń fọ́ mẹ́kúrì sí wẹ́wẹ́ ni, á wá wọ inú kápẹ́ẹ̀tì àti ihò ilẹ̀ pákó, á máa fẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí burú ju ìgbálẹ̀ lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi páálí líle méjì darí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà jọ sójú kan, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ lè rí àwọn tó sá pamọ́, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ èyí tó kéré jù. Gbogbo rẹ̀, títí kan ìfọ́ gíláàsì, inú ìgò tàbí ike tó ní ìdérí tó le ni kó wà. Ẹ má dà á sí gọ́tà. Gọ́tà Apọ́ngbọ̀n, inú Ọ̀sà ló ń lọ, inú Ọ̀sà sì ni ẹja wa ti ń wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Minamata nílẹ̀ Japan nìyẹn, níbi tí ilé iṣẹ́ kan ti ń da mẹ́kúrì sínú òkun, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí rí àìsàn rẹ̀ ní 1956 lára àwọn tó ń jẹ ẹja ibẹ̀. Àwọn LASEPA ni kí ẹ sọ fún, kí wọ́n tọ́ yín sọ́nà lórí ibi tí ẹ ó gbé e sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wúkọ́, tí àyà ń fún un, tàbí tí ẹnu rẹ̀ ń ṣe é bí ẹni lá irin lẹ́yìn irú nǹkan báyìí, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì. Epo pupa kò lè lé ohun tó ti gba imú wọlé. Gẹ́nẹ́rà ní Odan kò jìnnà sí yín. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ dárúkọ mẹ́kúrì fún dókítà kedere, kó lè mọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ tó yẹ kó ṣe. Bí ẹ bá kàn ní “ó ń wúkọ́”, oògùn ikọ́ ni wọn yóò fún yín.

Férémù náà ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò gùn. Ọ̀dà àtijọ́, pàápàá funfun tó wà lábẹ́ àwọ̀ wúrà, lè ní òjé nínú. Òjé ló pa ọmọ tó lé ní irínwó ní Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà. Ẹ má fi sánńpépà ha férémù, bí ọ̀dà rẹ̀ bá sì ń ṣí, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kí ẹ sọ aṣọ náà nù. Ojú gíláàsì náà, aṣọ rírọ̀ tó rin díẹ̀ ti tó. Ẹ má fín omi tàbí oògùn ìnu-dígí sí i lára, ńṣe ló máa ń ṣàn gba etí wọ ẹ̀yìn, tí yóò sì jẹ ohun tó kù níbẹ̀.

Mama tún béèrè nísàlẹ̀ lẹ́tà wọn pé ṣé kí àwọn máa gbé dígí náà kúrò lára ògiri nígbà tí àrá bá ń sán, tàbí nígbà tí òkú bá wà nílé, gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ wọn ṣe máa ń ṣe. Dígí kì í pe mànàmáná, ṣùgbọ́n n kò ní bá àṣà ilé yín jà. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi bò ó níbi tó wà, ẹ rọra ta á lé e láti òkè, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun àga láti gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn.